Gbogbo Ọdún Tí Mo Fi Ṣe Bàbá Arúgbó

Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti ń pè mí ní bàbá. Ohùn mi ló fà á. Ohùn tí Ọlọ́run fún mi wúwo ju ara tó gbé e lọ, ó sì ń jáde bíi ti ẹni tó ti sin gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tán. Lọ́dún òmìnira, nígbà tí ilé ìwé ìjọ wa ní Ọ̀mù-Àrán ṣe eré, wọn ò tilẹ̀ wo àwọn ọmọ tó ga jù mí lọ. Wọ́n lẹ òwú mọ́ mi lágbọ̀n, wọ́n fún mi lọ́pàá, mo di baálé. Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọjọ́ náà layé mi bàjẹ́, àbí ọjọ́ náà ló dára, mi ò tíì mọ èyí tó jẹ́.

Ìyá mi ò sí níbẹ̀. Ó wà lóko lọ́nà Rórẹ́. Nígbà tó dé, ó bi mí pé kí ni bàbá yẹn ṣe nínú eré. Mo ní ó súre fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kú. Ìyá mi gbé agbọ̀n orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní ó dára bí òun ò ṣe wá.

Ẹ má rò pé abọ̀rìṣà ni o. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ni ìyá mi dàgbà sí, ohùn rẹ̀ ló sì máa ń ga jù. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, òbí kì í rí òkú ọmọ. Bí ọmọ bá ṣáájú, wọn ò ní jẹ́ kí ìyá rẹ̀ fojú kàn án, wọn ò sì ní fi sàréè rẹ̀ hàn án. Pásítọ̀ ṣàlàyé fún un títí pé eré lásán ni. Ó ní òun gbọ́, pé kí Pásítọ̀ kọ́kọ́ lọ wo òkú ọmọ tiwọn nínú eré lásán.

Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kwara sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ́ lọ sí Ìlọrin láti wá iṣẹ́ ìjọba, èmi náà bá wọn lọ, inú ẹgbẹ́ tíátà ni mo bá ara mi. Ọ̀gá wa, ọmọ Ọ̀yọ́ pọ́ńbélé, gbọ́ ohùn mi, ó pàtẹ́wọ́. Ó gbọ́ èdè mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu Ìgbómìnà yìí, àfi kí n gbé e sílé, pé bí olóyè bá ń sọ̀rọ̀ báyìí lórí ìtàgé, aláwàdà ni wọn ó pè é. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Síbẹ̀ mo kọ́ èdè Ọ̀yọ́, mo kọ́ ọ títí ó fi jẹ́ pé bí pọ́dà funfun bá ti kan irun mi, ahọ́n mi á yí padà fúnra rẹ̀.

Ipa mi ni kò yí padà. Mo ṣe bàbá ìyàwó, mo ṣe olóyè tí wọ́n fún ní májèlé, mo ṣe bàbá tó ṣubú lulẹ̀ nígbà tó gbọ́ pé ọmọ rẹ̀ jalè. A dé Òṣogbo, a dé Kàdúná, a dé Àjàṣẹ́-Ìpo tí kò jìnnà sílé, mo kú níbi gbogbo. Bí a bá fẹ́ ṣeré nítòsí, ìyá mi á ránṣẹ́ pé, "Ẹ bi í wò, ṣé ó máa kú?" Mi ò lè fi irọ́ dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ lóhùn, kò sì ní wá. Àwọn ará ìlú wa á wá, wọ́n á yìn mí, wọ́n á gbá mi lẹ́yìn, èmi á máa wò káàkiri àárín wọn, mo ń wá ẹni tí mo mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ìyìn gbogbo wọn ò tó mi. Ìyá mi ni mo fẹ́ kó rí mi.

Ìgbà tí tẹlifíṣàn dé Ìlọrin ni ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Wọ́n ní kí n ṣe bàbá kan tó ń ṣẹjọ́ nítorí ilẹ̀. Mo ka eré náà dé òpin, mo tún un kà: bàbá jàre, bàbá ò kú. A fi kámẹ́rà ká a sílẹ̀ ní sítúdíò, nígbà tó sì di ọjọ́ tí wọ́n máa fi hàn, mo wọ mọ́tò lọ sí Èsìẹ́, níbi tí ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà. Mo ní, "Ìyá, mi ò kú nínú eléyìí." Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo búra. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí a sún àga òun mọ́ tẹlifíṣàn, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ jáde, tèmi ti irùngbọ̀n. Mo ń bá lọ́yà jà, ẹnu mi dùn. Ìyá mi na ọrùn, ó ń wò. Nígbà tó yá, ó yíjú sí mi. Bí mo bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe jáde ní èdè wa, ará Ìbàdàn á ju ìwé yìí nù, nítorí náà ẹ gbà á báyìí: "Ìgbà wo ni wọ́n máa pè ọ́?"

Àbúrò mi la ẹnu. Mo ṣẹ́jú sí i. Mo fẹ́ kí ìyá wa dá mi mọ̀ fúnra rẹ̀.

"Ará Ọ̀yọ́ ni bàbá yìí," ló wí. "Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí bàbá bú lọ́yà. Ó bínú nígbà tí wọ́n tì í. Nígbà tó jàre, ó pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Eré parí. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ wá orúnkún mi, ó rọra ń lù ú.

"Má jẹ́ kó dùn ọ́," ó ní. "Wọn ò pè ọ́ lónìí, wọn ó pè ọ́ lọ́jọ́ mìíràn."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ìgbà tí mo wà lọ́mọdé, bí mo bá sì sọ ọ́, ojú á tì í pé òun ò dá ọmọ òun mọ̀. Mo gbé e mì. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí títí dòní, nítorí kò rí eré mìíràn kó tó fi ayé sílẹ̀.

"Bí o bá padà dé Ìlọrin," ó ní, "bá mi kí bàbá Ọ̀yọ́ yẹn. Sọ fún un pé ìyá rẹ ní ó kú iṣẹ́."

Mo ní, "Wọ́n á gbọ́, Ìyá."