Ehoro Olùkọ́ Ará Lọ́mẹ́

Bí mo bá ti gbọ́ "ẹ kú ilé," olùkọ́ Faransé tó gba yàrá nílé wa ní àdúgbò Ladi-Lak fún ọdún kan péré ni mo máa ń rántí. Ará Lọ́mẹ́ ni. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó kí ẹnikẹ́ni, á kọ́kọ́ lóṣòó síwájú àgò ehoro méjì tó gbà lọ́wọ́ aládùúgbò kan, á ní, "Ẹ kú ilé o." Tá a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Àlejò bíi tèmi ni wọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tó máa padà sílé, ó gbé àgò náà fún ìyá mi. Ó ní òun ò lè gbé e kọjá bọ́dà. Lọ́dọ̀ tiwa tá a wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, àlejò kì í lọ láìjẹ ẹran. Ìyá mi rò pé ẹran ìdágbére ló gbé wá.

Láàárọ̀, ìyá mi gbé oúnjẹ fún un. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá.

"Màmá, ọbẹ̀ yìí dùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ewé àwọn ehoro mi láràárọ̀."

Ìyá mi wo eegun tó kù nínú abọ́ náà. Mọ́tò ti ń dúró dè é.

Títí dòní, ó máa ń pè lọ́jọọjọ́ Sunday. "Màmá, ẹ bá mi kí wọn."

Ìyá mi ò fẹ́ parọ́. Á dìde, á lọ lóṣòó síwájú àgò òfìfo yẹn, á rọra sọ pé, "Ẹ kú ilé o."