Màámi Bá Mi Dáhùn

Ojú ọ̀tún mi ló kọ́kọ́ dà bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀rá bò ó. Aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán ní Kútọ̀, ẹni tí kò bá sì rí ihò abẹ́rẹ́ kò lè pẹ́ nídìí iṣẹ́ yẹn. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kan ojú náà bí iye tòkè nínú ẹ̀jẹ̀ ríru mi bá ju ọgọ́jọ lọ. Nílé, kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti dé ọsibítù, á kọjá rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá mi padà sílé.

Nọ́ọ̀sì kan wá ní kí n máa lo oògùn mi lọ, ṣùgbọ́n kí n wá kọ́ bí a ṣe ń mí. Ó fi nǹkan kékeré kan há ìka mi, ó sì gbé fóònù kan síwájú mi tí ìlà kan ń rìn lójú rẹ̀. Lílù ọkàn mi nìyẹn. Bí mo bá fa èémí sínú títí mo fi ka márùn-ún, tí mo sì tú u jáde bẹ́ẹ̀ náà, ìlà náà á máa gòkè, á máa sọ̀ jẹ́jẹ́, bí ọ̀nà orí òkè àdúgbò wa níbí. Bí ara mi kò bá balẹ̀, á rí bí eyín ayùn. Ó ní ẹ̀rọ náà kì í wo àìsàn. Ohun tí ara ń ṣe ló ń fi hàn wá, kí a lè kọ́ bí a ó ṣe tù ú lójú.

Mo ń kà á dáadáa, síbẹ̀ eyín ayùn ni mo ń rí.

Ìyá ọkọ mi, tí mo ń pè ní Màámi, ló ń sìn mí lọ láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Ó ń wo ìlà náà bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kí nọ́ọ̀sì fi fóònù sílẹ̀, kó wo orúnkún mi.

Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà kọjá ni bẹ́ńṣì tí wọ́n fi wá jókòó sí ní ọsibítù wà. Bí àgbàlagbà kan bá ti kí wa kú ìjókòó, mà á dìde díẹ̀, mà á tẹ orúnkún, mà á dáhùn, mà á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. N kò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Mo ní n kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ní wọn kò kọ́ mi nílé.

Màámi tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní, “Èmi ni mo dàgbà jù níbí. Ẹni tó bá kí i, èmi ni mà á dáhùn.”

Ó sì ń dáhùn, ó ń béèrè ọmọ, ó ń béèrè ara. Ó sọ fún bàbá kan tó ń fi ọ̀pá rìn, “Ẹ má bínú, ìyàwó mi ń bá ọkàn rẹ̀ sọ̀rọ̀.”

Bàbá náà ní, “Kó bá mi kí i.”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ìlà náà sì fi hàn. Lẹ́yìn náà, ó ń gòkè, ó ń sọ̀, jẹ́jẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń ṣe é nílé láìsí ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, bí nọ́ọ̀sì ṣe ń di ọ̀já tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá mi ni dókítà wọlé, ó kí wa. Orúnkún mi ti ń mira. Màámi tẹ̀ mí léjìká.

“Jókòó. Mo ti bá ẹ kí wọn.”

Mo ka márùn-ún. Méjìdínláàádọ́jọ ni wọ́n rí.

Nígbà tí wọ́n tú ojú mi lọ́jọ́ kejì, mo rí àwọn òwú tó yọ létí gèlè Màámi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kúnlẹ̀ fún un lórí orúnkún méjèèjì. Ó ní kí n tètè dìde, kí wọ́n má lọ tún ẹ̀jẹ̀ ríru mi wọ̀n.