Ọ̀rọ̀ Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bí mo bá gbóòórùn ẹ̀wà tó ń hó lórí sítóòfù, ilé wa ní Festac ni ọkàn mi máa ń lọ, ilé ìsàlẹ̀ tí omi òjò ti máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ni. Ìyá wa ti kú, ojú bàbá wa sì ti di bàìbàì débi pé ó ti pa ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta páàtì mọ́tò ní Trade Fair tì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ilé, fi pólì sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ó wálé wá di ìyá fún àwa mẹ́ta. Kò ráhùn rí. Àwọn ará àdúgbò ń pè é ní Màmá Kékeré, àwa náà sì rò pé ìyìn ni.

Ẹ̀wà kì í tètè jinná. Lọ́sàn-án, bó bá ti gbé e kaná, á jókòó ti bàbá wa ní balùkóní, á máa kàwé fún un. Ìwé ìtàn pẹlẹbẹ kan ni, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n ti ń kà nílé ìwé láti ayé àwọn òbí wa, nípa ọmọbìnrin kan tó tọ́jú bàbá àti àwọn àbúrò rẹ̀ títí tó fi gbàgbé irú ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́. Òyìnbó ọjà ni bàbá wa gbọ́, kò gbọ́ tinú ìwé, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń kà á. Ó dùn létí débi pé mo máa ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ wá gbọ́.

Lọ́jọ́ kan, ó dé ibi tí ọmọbìnrin náà ti gbé oúnjẹ síwájú bàbá rẹ̀. Ó ní ọmọ náà sọ pé, "Bàbá, mo fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, ẹnikẹ́ni ò bi mí léèrè ohun tí mo fẹ́. Mo fẹ́ padà sílé ìwé." Bàbá wa ń fọwọ́ ra eékún rẹ̀.

Ara mi ò gbà á, mo fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí. Bí ẹ̀gbọ́n mi ti wọ kíṣìnì lọ wo ẹ̀wà, mo gbé ìwé náà, mo wo ojú ewé yẹn lókè nísàlẹ̀. Ọmọ inú ìwé gbé oúnjẹ kalẹ̀ lóòótọ́, ó sì lọ fọ abọ́. Kò la ẹnu rárá. Ni mo bá sáré bá a ní kíṣìnì.

"Àǹtí, ẹ ṣì í kà o! Ọ̀rọ̀ yẹn ò sí níbí."

Ó gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó pa á dé. "Jọ̀ọ́, má sọ fún Dádì."

Lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣí ìwé, bàbá wa na ọwọ́, ó gbé e lé ẹ̀yìn ìwé náà.

"Bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé bàbá ẹ̀ ti gbọ́. Kó máa lọ sílé ìwé. Ojú mi ló fọ́, etí mi ò di."

"Dádì, ìwé ni mo ń kà o."

"Mo mọ̀. Ṣáà bá mi sọ fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ẹ̀wà jóná lọ́jọ́ náà, a sì jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó padà sí pólì, ó sì kàwé jáde. Ilé ò wó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọbẹ̀ wa ò ṣe é fi lọ ẹnikẹ́ni. Mo kan sárá sí ẹ̀gbọ́n mi títí dòní: kò já ẹrù ilé jù sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ẹrù náà pa òun mọ́lẹ̀. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ fún bàbá wa, ó dé inú rẹ̀, ó di odidi. Èmi ni ojú ń tì. Èmi tí mo gbọ́ òyìnbó ìwé, tí mo yẹ ojú ewé náà wò lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ni mo rò pé mo rí níbẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi jẹun lọ́wọ́ rẹ̀, n ò bi í lọ́jọ́ kan ṣoṣo pé, "Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́?"