Ọkọ̀ Ń Sinmi

Òórùn kan ló jí mi láàárọ̀ yìí. Ó jọ ìda oyin tí wọ́n pò mọ́ kẹrosíìnì díẹ̀. Ó dùn, ó sì ń ta nímú. Kí n tó lajú tán ni mo ti mọ ibi tó ti ń wá. Bàbá Mofẹ́, ọkọ mi, ti wà níta, ó ń pa ọkọ̀ tuntun rẹ̀ lára.

Ẹ má rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Tó bá fọ ọkọ̀ yẹn tán, á nù ún gbẹ, á ṣí agolo pólíìṣì, á fi fóòmù pẹlẹbẹ kan bu ú bí ẹni bu òrí, á wá máa yí i róbótó-róbótó lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Á dúró kó gbẹ, kó funfun bí àtíkè. Lẹ́yìn náà ni yóò mú aṣọ múlọ́múlọ́ kan tí èmi ò gbọdọ̀ fi nu àwo, á fi nù ún kúrò, títí yóò fi máa rí eyín ara rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ó ní pólíìṣì yẹn ni kò ní jẹ́ kí oòrùn àti òjò jẹ ọ̀dà. Orí fóònù ló ti kọ́ ọ. Ìpara tí Mofẹ́ ọmọ wa ń lò ti tán láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ò tíì rántí ìyẹn.

Pé ó ń tọ́jú ọkọ̀ kọ́ ló ń bí mi nínú. Ta ni kì í tọ́jú ohun tuntun? Ohun tó ń bí mi nínú ni pé lójoojúmọ́, èmi àti Mofẹ́ máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn kọjá, ọmọ á ká aṣọ ilé ìwé rẹ̀ mọ́ra kí bọ́tìnnì má baà ha ọ̀dà, a ó sì bọ́ sójú títì Ore lọ dúró de ọ̀kadà. Nínú eruku ni o, nínú òjò ni o. Tí mo bá sọ̀rọ̀, ọkọ mi á ní, "Fara balẹ̀ ná. Ọ̀dà tuntun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí i. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa."

Jẹ́ kó gbẹ dáadáa! Ẹ̀yin tí ẹ kéré sí mi, ọ̀rọ̀ yẹn ti dàgbà jù mí lọ. Ẹnu bàbá mi ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní Odigbo, nígbà tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká.

Ilé wa kọjú sí ọ̀nà pupa tó lọ sí oko. Bí ẹ bá ti wọ àgbàlá, òórùn kòkó tó ti ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀, lẹ́yìn náà èéfín, lẹ́yìn náà ewúrẹ́. Igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà láàárín. Abẹ́ rẹ̀ ni àwa ọmọdé ti ń ṣeré, abẹ́ rẹ̀ náà ni Ìyé máa ń jókòó sí. Ìyé ni à ń pe ìyá tó bí bàbá mi, bí àwa ará Ìkálẹ̀ ṣe ń pe ìyá nìyẹn. Wọ́n kéré lára, wọ́n tóbi lóhùn.

Ọdún kan tí kòkó ṣe dáadáa, bàbá mi ra ọkọ̀. Tòkunbọ̀ ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní kí pẹ́ńtà kan ní Ore kùn ún tuntun kí wọ́n tó gbé e wálé. Ó funfun débi pé àwọn adìẹ kọ́kọ́ sá fún un. Pẹ́ńtà ní kí wọ́n má jẹ́ kí nǹkan kan án títí ọ̀dà yóò fi gbẹ. Pẹ́ńtà ò sọ ìgbà tó máa gbẹ, bàbá mi náà ò sì béèrè. Ibẹ̀ ni ìyà wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyé ò mọ ọ̀rọ̀ pẹ́ńtà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tuntun ti wọlé. Nílé wa, àdín la fi ń pa ẹni tuntun lára, kí awọ rẹ̀ má baà gbẹ, kí ara rẹ̀ máa dán. Kí bàbá mi tó jáde nílé ìwẹ̀, Ìyé ti gbé ìgò àdín dé, wọ́n ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa ọkọ̀ náà láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n ń kí i káàbọ̀ bí ẹni pé ó máa dáhùn. Ọkọ̀ ń dán yinrin. Àwa ọmọdé ń pàtẹ́wọ́. Àsìkò ọyẹ́ ni, ẹ jọ̀ọ́. Afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo ló fẹ́ láti ojú ọ̀nà, gbogbo eruku Odigbo bá wá lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ bí gàrí ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tútù.

Bàbá mi jáde pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì nídìí. Wọ́n wo ọkọ̀ funfun tó ti di pupa, wọ́n wo Ìyé.

"Ìyé, kí lẹ ṣe yìí?"

"Mo bá ọ pa á lára ni. Àbí kì í ṣe ọmọ tèmi náà ni?"

Ta ló máa bínú sí ìyá rẹ̀ nítorí àdín? Bàbá mi gbé e mì. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, wọ́n fi igi fa ìlà yí ọkọ̀ ká nínú àgbàlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọjá á. Àwa ò kọjá á. Àwọn ewúrẹ́ ò mọ ìlà. Àwọn ẹyẹ orí igi àgbálùmọ̀ ò mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n á jẹ, wọ́n á sì yàgbẹ́ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bàbá mi á dúró nísàlẹ̀, wọ́n á máa bú igi. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fi ń fi pólíìṣì pa ọkọ̀ lára. Èmi ni mò ń di agolo mú. Òórùn tó jí mi láàárọ̀ yìí nìyẹn gan-an.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, wọ́n ká tapólì tí a fi ń bo kòkó, wọ́n fi bo ọkọ̀. Òjò ọ̀sán kan wá dé wùyà, kòkó tí a sá sílẹ̀ mu omi yó, ó bu. Ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná, wọ́n na orógùn sókè.

"Bàbá wọn, ẹ bo ọkọ̀ láṣọ, ẹ ní kí kòkó lọ wẹ̀. Ṣé ọkọ̀ la máa gbé lọ síwájú àwọn tó ń ra kòkó?"

 Bàbá mi ń tẹ́ tapólì kí ó má baà wọ́ lára ọ̀dà.

Ní gbogbo àkókò yìí, nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyé ń fẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin wà ní Agbabu, Màmá Agbabu la máa ń pè wọ́n. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, igi méjì ni wọ́n fi ń rìn, ṣọ́ọ̀ṣì sì jìnnà sílé wọn díẹ̀. Ìyé ti pinnu pé ọkọ̀ ọmọ òun ni òun máa fi gbé ẹ̀gbọ́n òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan, kí wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n náà kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà gan-an, lójú gbogbo ayé. Wọ́n ti ránṣẹ́ síwájú. Gbogbo oníṣòwò tó bá ń lọ sọ́nà Agbabu ló ń bá wọn jíṣẹ́ náà. Torí náà, ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, Ìyé á dúró lẹ́yìn ìlà yẹn.

"Ṣé ọ̀dà ti gbẹ?"

"Ó kù díẹ̀, Ìyé. Ẹ ní sùúrù."

Ó di eré lọ́wọ́ wa. Ọ̀kan nínú wa á béèrè pé ṣé ọ̀dà ti gbẹ, ìyókù á pariwo pé ó kù díẹ̀. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, òjò lọ, a ṣì ń ṣe eré náà.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì Màmá Agbabu ni bàbá mi tó gbà. Ìyé ò fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn. Wọ́n wọ léèsì wọn, wọ́n wọ bàtà funfun tí wọ́n ń tọ́jú sínú àpótí. Wọ́n di adìẹ kan lẹ́sẹ̀ fún ìkórè. Bàbá mi wo adìẹ, wọ́n ní adìẹ ò ní wọ ọkọ̀ yẹn láéláé. Ni wọ́n bá gbé adìẹ fún ọlọ́kadà kan tó ń lọ síbẹ̀. Adìẹ ṣíwájú wa.

Gbogbo ohun tó ń lọ lójú ọ̀nà ló ṣíwájú wa, kẹ̀kẹ́ ológeere pàápàá. Bàbá mi ń wa ọkọ̀ bí ẹni ru ẹyin. A ti sún mọ́ Agbabu tán nígbà tí wọ́n tẹ bíréèkì. Ẹ ó ti gbọ́ nípa ibẹ̀: ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kóótà tí wọ́n fi ń ṣe títì nínú. Bí oòrùn bá mú, á máa sun jáde ní dúdú, á máa fà bí ilá. Láti ìgbà ọmọdé Ìyé ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn kan ń bọ̀ wá wà á jáde. Lọ́jọ́ yẹn, ó ti ṣàn dé ojú ọ̀nà. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n wo ìka náà, wọ́n wo ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn tó funfun.

"A ti dé," ni wọ́n wí.

"A ti dé ibo?" Ìyé béèrè.

"Ìyókù ò jìnnà, Ìyé. Màá dúró ti ọkọ̀ níhìn-ín."

 Ìyé dì mí lọ́wọ́ mú, a bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Oòrùn ọ̀hún mú, ẹ gbà mí gbọ́. Kóótà ń fa bàtà Ìyé mọ́lẹ̀, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á tún gbé ẹsẹ̀ kejì. Ohun tí bàbá mi ò fẹ́ kó kan ọkọ̀, bàtà ìyá wọn ló kàn.

Màmá Agbabu ti jókòó síta pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé, wọ́n ń retí ìró họ́ọ̀nù. Adìẹ wa náà wà níbẹ̀ lábẹ́ agbọ̀n.

"Àbúrò mi, káàbọ̀ o. Ọkọ̀ dà?"

Ìyé wo ẹsẹ̀ ara wọn. "Ọkọ̀ ń sinmi."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ó rẹ̀ ẹ́. Àwa la wá ń rìn, kó má baà rẹ̀ ẹ́ jù."

Àwọn obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ìró ìdí wọn fẹ́ tú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyé pàápàá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni Màmá Agbabu na ọwọ́ mú igi wọn méjèèjì, Ìyé di apá wọn mú, a sì rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ìṣísẹ̀ ìgbín. Wọ́n ti ń kọ orin ìkẹyìn ká tó wọlé. Nígbà tí a jókòó, mo rí i tí Ìyé fi ẹsẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ǹṣì.

Kí kòkó tó tún pọ́n, Màmá Agbabu ti kú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, bàbá mi gbé wa. Nígbà tí a dé ibi kóótà yẹn, mo di etí àga mú, mo ń retí bíréèkì. Bàbá mi ò dúró. Wọ́n gba àárín rẹ̀ kọjá, a ń gbọ́ ọ tó ń ta paṣa-paṣa sára ilẹ̀kùn. Wọ́n sọ Ìyé kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, lójú gbogbo ayé. Ìyé dúró, wọ́n wo ọkọ̀ funfun tó ti di adíkálà, wọ́n wo ọmọ wọn.

"Ọ̀dà ti gbẹ wàyí," ni wọ́n wí, wọ́n bá wọlé lọ.

Mi ò tíì rí bàbá mi kí wọ́n sunkún ṣáájú ọjọ́ yẹn. Orí sítíárìn ni wọ́n gbé ojú lé.

Ìyé náà ti lọ báyìí. Wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀. Títì dé àwọn ibi tí a ò rò, àwọn ibi tí a rò pé yóò dé ṣì ń retí. Ọkọ̀ yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé, kò ní ẹ́ńjìnnì, adìẹ ń yé sínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi ọwọ́ nu eruku ara rẹ̀, ẹ ó rí i pé ọ̀dà ṣì ń dán. Àwọn ẹ̀kán kóótà náà ò kúrò. Bàbá mi lo kẹrosíìnì, wọ́n lo epo, pàbó ló já sí.

Gbogbo èyí ni mò ń rò láàárọ̀ yìí tí mo fi ń di irun Mofẹ́. Òjò ti ṣú. A gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá, ọmọ ká aṣọ mọ́ra. Ọlọ́kadà wa dúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìyá Mofẹ́, ẹ káàárọ̀ o. Ọkọ̀ ńlá báyìí wà nílẹ̀, ẹ̀yìn mi lẹ tún ń bọ̀?"

Kí n tó la ẹnu, Mofẹ́ ti dá a lóhùn. "Ọkọ̀ ń sinmi."

Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Ó ti gbọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀ tí kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Ó kàn sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò ń bọ̀, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ láti gun ọ̀kadà.  Mo ní kí ọlọ́kadà máa lọ. Mo padà, mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo gbé ọmọ mi síbẹ̀ tòun ti bàtà ẹlẹ́rẹ̀ rẹ̀, mo jókòó tì í, mo pa ilẹ̀kùn dé.

"Ìyá Mofẹ́! Bàtà yẹn! Mi ò tíì nù ún tán o!"

"Bàbá Mofẹ́, ṣé ọ̀dà ti gbẹ?"

Ó mọ ìtàn yẹn. Mo ti sọ ọ́ fún un ká tó fẹ́ra. Ó dúró tòun ti fóòmù lọ́wọ́, ó wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wo Mofẹ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó dé agolo, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò ara rẹ̀, ó sì wọlé lọ mú kọ́kọ́rọ́. Ó ń kùn bọ̀ ni o, ẹ má rò pé inú rẹ̀ dùn. Èmi náà ò tíì yọ́ tán.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé Mofẹ́ lọ sílé ìwé, pólíìṣì tí ọkọ mi ò nù tán ṣì ń funfun róbótó-róbótó níwájú ọkọ̀, bí àtíkè lọ́rùn ọmọ tuntun, òjò sì ń wẹ̀ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kadà gbogbo ń ṣíwájú wa. Mofẹ́ fi imú kan gíláàsì, ó ń juwọ́ sí wọn.

"Àwa náà ń bọ̀ o!"