Ọmọ Tí Kò Sọ Bí Ìwé Náà Ṣe Parí

Àbúrò mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà Kílódé, ló ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké bí wọ́n ṣe máa sọ èrò wọn nípa ìwé tí wọ́n kà. Èmi tí mo kọ́ ara mi ní ìwé, tí mo ti ka ìwé tó kún ọkọ̀ akẹ́rù méjì, mo wà ní kíláàsì lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí. Ojú mi ló ṣe.

Ọ̀gá ilé-ìwé fẹ́ fagi lé ẹ̀kọ́ náà, torí àwọn ọmọ máa ń ròyìn ìwé tán pátápátá, ẹnikẹ́ni kì í sì í fẹ́ kà á mọ́. Àbúrò mi bẹ àwọn ọmọ náà títí: "Ẹ sọ ohun tó wù yín níbẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Ẹ fi ìparí sílẹ̀!"

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá wọlé wá gbọ́ wọn fúnra rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Aláròyé dìde.

"Nínú ìwé tí mo kà, ewúrẹ́ kan ló jìn sí kànga. Ó lágídí gan-an, àmọ́ mo fẹ́ràn rẹ̀, torí èmi náà lágídí. Ẹ bi màmá mi! Wọ́n wá fi okùn fà á, okùn bẹ̀rẹ̀ sí í já..."

Àyà àbúrò mi ń lù kì kì kì, mo ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn! Aláròyé panu mọ́, ó jókòó.

"Ẹ̀hẹn? Ṣé ó jáde?" ni ọ̀gá bi í.

"Ẹ lọ kà á, sà!" ni Aláròyé dáhùn. Gbogbo kíláàsì pariwo, páànù òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

"Háà! Tíṣà, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ kọ́ wọn? Ìwé náà dà?"

Ọ̀gá gbà á, ó ń kà á lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, díẹ̀ ló kù kó forí sọ ògiri. Bí kò ṣe fagi lé ẹ̀kọ́ náà mọ́ nìyẹn.