Ọjọ́ Tí A Jókòó Sísàlẹ̀ Omi

Nígbà tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ létí òkun, iṣẹ́ tí mo kó bọ̀ wá sílé kì í ṣe èyí tí àwọn òbí mi rò. Wọ́n rò pé tíṣà ni mo máa ṣe. Tíṣà náà ni mo ṣe, àmọ́ abẹ́ omi ni kíláàsì mi wà. Mo ń kọ́ ènìyàn bí a ti ń pọn sìlíńdà afẹ́fẹ́ sẹ́yìn, tí a ó ti ike kan bọ ẹnu, tí a ó sì máa mí nísàlẹ̀ omi bí ẹni tó jókòó sórí ẹní nílé ara rẹ̀. Bàbá mi, tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ ní ilé-kéwú kí wọ́n tó bí mi, gbọ́ ọ, wọ́n ní, ṣé àwọn tí kò rí afẹ́fẹ́ mí lókè ni mò ń kọ́ ni. Ìyá mi ní tiwọn yẹ aṣọ rọ́bà tí mo ń wọ̀ wò. Wọ́n rí i pé ó bò mí láti ọrùn dé kókósẹ̀, ó sì ní ìborí tó bo irun. Wọ́n ní kò burú.

Òkun ò sí ní Ìwó. Ohun tó wà ni òtẹ́ẹ̀lì kan lójú ọ̀nà Ilé-Ogbó, tó ní púùlù tó jìn lápá kan. Alájì tó ni òtẹ́ẹ̀lì náà ti rí àwọn tó ń mí lábẹ́ omi nígbà tí wọ́n rìnrìn àjò lọ sókè òkun, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ti ra sìlíńdà, wọ́n ti ra awò ojú àti bàtà tó dà bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kí wọ́n tó wá rántí pé ó yẹ kí ẹnì kan mọ̀ ọ́n lò. Àwa méjì ni wọ́n gbà: èmi, àti ẹgbẹ́ mi kan, ọmọ Ìlàjẹ, tó jẹ́ pé omi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ kó tó mọ ilẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé iṣẹ́ fàájì ni. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìkan là ń kọ́ni. Àwọn ọmọ yunifásítì á gun kẹ̀kẹ́ wá, wọ́n á rì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó tán, a ò tún fojú kàn wọ́n mọ́. Àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó á wá ya fọ́tò lábẹ́ omi. Àwa la ó dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ púùlù, tí a ó di ọkọ àti ìyàwó mú lẹ́sẹ̀ kí wọ́n má baà léfòó. Bí fọ́tò náà bá jáde, a ò ní í bá irun orí wa pàápàá níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí kò bá sí oníbàárà, Alájì á gbé búrọ́ọ̀ṣì fún wa pé ká bọ́ sínú omi ká lọ fọ ilẹ̀ púùlù, nítorí pé àwa la lè pẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́, a máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìyá alákàrà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, a ó sì máa ráhùn. Ẹnìkejì mi á ní òun tí òun mọ ibi tí ẹja ńlá ń sùn, yẹtí àwọn ìyàwó tó bọ́ sínú púùlù lòun wá ń wá kiri. Èmi á ní ti èmi sàn, mo ti mọ àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn ìyàwó ju ojú ìyá mi lọ. Nígbà tó bá yá, ẹ̀rín á pa wá débi pé àkàrà á fẹ́rẹ̀ẹ́ há wa lọ́fun.

Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́, Alájì pè wá sí ọ́fíìsì. Wọ́n fa ìrù ẹja kan yọ nínú páálí, àwọ̀ ewé, tó ń dán gbinrin. Inú wọn dùn gan-an. Wọ́n ní èmi ni màmíwọ́tà òtẹ́ẹ̀lì àwọn, ẹnìkejì mi á sì so lẹbẹ́ ẹja ńlá mọ́ ẹ̀yìn, á máa lé mi kiri, àwọn ọmọdé á máa wò wá.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Alájì, ẹ mọ bàbá mi."

Wọ́n ní àwọn mọ̀ wọ́n dáadáa, eré lásán ni, kí n dìde.

A jáde. Ẹnìkejì mi ṣíwájú títí a fi dé abẹ́ máńgòrò. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́rìn-ín, ó di igi mú, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ìbínú. Inú ẹ̀rín yẹn la ti pinnu ohun tí a máa ṣe.

Lọ́jọ́ kejì ọdún, ẹgbẹ́ púùlù kún fún àwọn ará ilé lóríṣiríṣi, òórùn ẹran àgbò sì gba gbogbo ibẹ̀. A jáde nínú aṣọ rọ́bà wa, láìsí ìrù, láìsí lẹbẹ́. A rí Alájì tí wọ́n ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ìrù náà wà léjìká wọn. A ti ike bọ ẹnu, a bọ́ sí apá tó jìn, a lọ ká ẹsẹ̀ jókòó sísàlẹ̀ bí ọmọ ilé-kéwú.

Ariwo ayé dákẹ́. Mo gbójú sókè, mo rí jàlàbíà funfun tó ń mì lórí omi, mo rí ọwọ́ tó ń jù sọ́tùn-ún sósì, ẹnu ń ṣí, ẹnu ń pa dé, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹnìkejì mi fi ọwọ́ sí etí bí ẹni pé òun ò gbọ́ dáadáa. Ẹ̀rín gbé mi, omi kún awò ojú mi. Àwọn ọmọdé ti dojú bolẹ̀ létí omi, wọ́n ń tẹ orí bọ̀ ọ́ láti wò wá, inú wọn dùn ju bí wọ́n ṣe lè rí màmíwọ́tà lọ. Alájì mú igi gígùn tí wọ́n fi ń kó ewé, wọ́n fi ń wá wa kiri. A kàn rọra ń sún fún igi náà ni. Níkẹyìn, wọ́n lọ. A rò pé a ti borí.

Ṣé ẹ rí i, ẹsẹ̀ méjì ló tún sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn apá tí kò jìn. Alájì ni, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, sìlíńdà lẹ́yìn wọn. Wọ́n dorí ike ẹnu kodò, wọn ò sì ṣí afẹ́fẹ́ rárá.

Kí n tó dìde, ẹnìkejì mi ti débẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ ọ́. Ó di Alájì mú láyà, ó yí ike náà padà. Èmi bọ́ sẹ́yìn wọn, mo ṣí afẹ́fẹ́. Mo yọrí lókè omi, mo yọ ike lẹ́nu, mo ní kí wọ́n rọra mí, kí wọ́n má kánjú. Wọ́n mí. A jọ tẹ orí bọ omi.

Ohùn Alájì yìí ni gbogbo àdúgbò fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ omi, wọ́n dákẹ́. Wọ́n mí síta, wọ́n tẹ̀lé ìfófòó tó ń lọ sókè, wọ́n sì wo àwa méjèèjì bí ẹni pé àwa la dá omi. Wọ́n na àtàǹpàkò sókè. A gbé wọn lọ sókè. Wọ́n tún rì, wọ́n tún nà án, a tún gbé wọn jáde. Wọ́n yọ ike lẹ́nu.

"Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi? Mo ní ó dára, ẹ ń gbé mi lọ sókè."

Ẹnìkejì mi ní, "Alájì, lábẹ́ omi, ẹni tó bá na àtàǹpàkò, òkè ló fẹ́ lọ. Ẹni tí ara tù, ìka méjì ló ń so pọ̀ báyìí."

Wọ́n wo àtàǹpàkò wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi yọ̀ lórí àtẹ̀gùn, a sì tún ní láti fà wọ́n dìde.

Ibẹ̀ la jókòó sí, omi ń kán lára wa. Wọ́n béèrè ohun tó bí wa nínú. Ẹnìkejì mi sọ ti búrọ́ọ̀ṣì, ó sọ ti yẹtí, ó sọ ti ẹsẹ̀ ìyàwó. Ó wá kàn mí.

"Alájì, olùkọ́ ni wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó máa padà wá là ń wá."

Wọ́n ní, "Ṣé ọ̀la dára?"

Kí n tó dé ilé, ìròyìn ti dé. Ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi béèrè ni bóyá òótọ́ ni pé Alájì dákẹ́.

Alájì wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì tún wá lẹ́yìn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fa wàhálà ni wọ́n. Gbogbo ẹ̀kọ́ ni wọ́n ní àtakò sí. Wọ́n gba ẹlòmíràn tó ń fọ púùlù, ọmọ-ọmọ wọn sì ń wọ́ ìrù yẹn kiri nínú yàrá. Lórí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó, wọn ò gbà. Wọ́n ní ìyàwó ló ń gbé òtẹ́ẹ̀lì ró, ẹsẹ̀ wọn la ṣì ń dì mú.

Ẹnìkejì mi ti padà sétí òkun báyìí. Ó máa ń pè mí láti ráhùn pé omi ibẹ̀ dọ̀tí, pé akẹ́kọ̀ọ́ ti pọ̀ jù, pé wọn kì í jẹ́ kí òun sinmi. Mo máa ń jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà, èmi náà á bẹ̀rẹ̀ tèmi, nípa ìyá àgbà kan tó ń ti Olúpọ̀nnà wá kẹ́kọ̀ọ́, tó ní òun ò ní í bọ́ góòlù ọrùn òun fún omi kankan.