Ọ̀rẹ́ Ìyá Mi tó ń Gbé Létí Odò Ọya

Ìyá mi ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Ìlọ́fà títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ṣùgbọ́n kò fojú kan odò tí ẹja náà ti ń wá rí. Odò-Ọ̀wà ni ilé wa, a sì jìnnà sí omi ńlá. Àwọn odò tiwa kéékèèké ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé á fẹsẹ̀ là wọ́n kọjá, omi ò ní kan orúnkún rẹ̀.

Obìnrin Tápà kan ló máa ń gbé ẹja wá fún un láti ìhà Pátígi. Bí ọjà bá ku ọ̀la, á ti dé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, á sùn sílé wa, á sì jókòó ti ìyá mi nídìí àtẹ títí ọjà á fi tú. Ìyá mi gbọ́ Tápà díẹ̀, òun náà gbọ́ Yorùbá ọjà. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé wọn, wọ́n á fi ẹ̀rín dí i. Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́ ara wọn.

Nígbà tó yá, obìnrin náà ò wá mọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ atukọ̀, ló wá ń fi ẹja ránṣẹ́ nínú mọ́tò. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń yọ ìyá òun lẹ́nu. Ìyá mi a máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àmọ́ bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, á kàn jókòó síbẹ̀, á máa fi etí ìró nu ojú fóònù bí ẹni pé ó dọ̀tí. Tíṣà ni mí ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo wá kí i, mo sì bi í pé kí ló ń dùn ún gan-an.

"Ulé rẹ̀ ni mo fẹ́ lọ," ó wí.

"Ìyá, ojú omi ni wọ́n máa gbé wa gbà o."

"Ṣé ìyẹ́ ni àwọn tó ń gbé ibẹ̀ fi ń fò délé ni?"

Ọ̀rọ̀ parí. A kó iṣu sẹ́yìn ọkọ̀ mi kékeré, ó di ẹ̀kọ àti ata díndín sínú agbọ̀n, a sì jáde nílé bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Ọ̀nà náà jù wá sókè, ó jù wá sílẹ̀, ìyá mi kò ráhùn. Oòrùn ti ń mú díẹ̀ nígbà tí a dé èbúté ní Pátígi, tí a rí atukọ̀ náà tó ń dúró dè wá.

Bí ìyá mi ṣe rí Odò Ọya, ó dúró, ó di apá mi mú.

"Omi ni gbogbo èyí?"

"Omi ni, Màmá," ni atukọ̀ náà wí. "Ó tiẹ̀ ti fà lásìkò yìí. Nígbà òjò, ibi tí ẹ dúró sí yìí, ẹja ló ń rìn ín."

Ọkọ̀ onígi gígùn ni ọkọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì wà nídìí rẹ̀. Ó wọ̀ wá ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì. Ìyá mi wo ara rẹ̀ nínú èyí tí wọ́n wọ̀ lé bùbá rẹ̀, ó ní, "Mo ti dà bí àwọn tó ń darí mọ́tò ní Ìlọrin." Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ méjèèjì di pákó ọkọ̀ mú, mo sì ń gbọ́ tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì sábẹ́ imú.

Atukọ̀ náà kò sáré. A ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lẹ́bàá oko ìrẹsì, àwọn lékeléke ń bà sórí òṣíbàtà. Ọkùnrin kan dìde dúró nínú ọkọ̀ tínńrín kan, ó ju àwọ̀n, àwọ̀n náà là bí agboòrùn kí ó tó rì. Ìyá mi dákẹ́ orin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀: níbo ni ẹja àrọ̀ ń sùn? Ṣé òru ni wọ́n ń kó ẹja inú ìgèrè tàbí òwúrọ̀? Ẹja tó ti yẹ̀ wò lọ́wọ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ní ilé.

Abẹ́ igi máńgòrò kan tó kọjú sí odò ni a ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Ó ti gbẹ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nà síwájú bí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tó mọ ẹni tó ń bọ̀, ó fẹ́ dìde, kò lè dìde, ó bá bú sẹ́kún. Ìyá mi jókòó sórí ẹní tòun ti jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé ẹsẹ̀ náà lé itan ara rẹ̀, ó sì ń fọwọ́ pa á.

"Ọ̀rẹ́ mi, o wá," ni obìnrin náà ń wí ṣáá. "O wọ omi. Ìwọ!"

A jẹ ìrẹsì, a mu omi, wọ́n béèrè ọmọ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà náà ni ìyá mi nawọ́ sí odò, ó bi í pé ìgbà wo ló wọ ọkọ̀ kẹ́yìn.

"Kí ẹsẹ̀ yìí tó kọ̀," ó wí. "Mò ń wò ó láti ibí ni. Ó tó."

Ọmọ rẹ̀ wolẹ̀. Ó ní ìyá òun ò béèrè rí pé kí òun gbé e wọ ọkọ̀. Ìyá náà ní òun ò fẹ́ di ẹrù rù ú ni. Àwọn méjèèjì ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ara wọn bẹ́ẹ̀, odò sì wà níwájú ilé wọn.

"Gbé e," ni ìyá mi sọ fún atukọ̀ náà. "Mo ti bẹ̀rù tèmi tán. Gbé ìyá rẹ, ká lọ."

Ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọ inú omi, ó sì gbé e jókòó sórí ìrọ̀rí tí mo tẹ́ sínú ọkọ̀. Ìyá rẹ̀ ki ọwọ́ bọ omi, ó sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń lọ. Nígbà tí a dé àárín odò, ó sọ nǹkan fún ọmọ rẹ̀ lédè wọn, ọmọ náà sì pa ẹ́ńjìnnì.

Mi ò gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Omi ló ń gbé wa lọ. Atukọ̀ náà ń fi àjẹ̀ tọ́ ọkọ̀ sọ́nà díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi tú agbọ̀n, a fi ẹ̀kọ àti ata jẹ ẹja yíyan tí atukọ̀ náà gbé wá láti ilé. Obìnrin náà ń fi han ìyá mi: níhìn-ín ni bàbá rẹ̀ ti ń dẹ odò, lọ́hùn-ún ni wọ́n ti gbé e níyàwó kọjá, òjò pa gbogbo àwọn tó sin ìyàwó. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi ń mì, ìyá mi ò sì rántí pákó tó ń dì mú láàárọ̀.

Nígbà tí àkókò ìrun àlàásárì tó, obìnrin náà fi omi odò ṣe àlùwàlá, ó kírun ní ìjókòó. Oòrùn ń ta sí i lójú. Ìyá mi, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ṣí agboòrùn rẹ̀, ó nà án bò ó, kò sì mira títí ó fi ṣe sàláámà, tí ìrun parí.

Ìpínyà wọn kò gùn. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú létí omi, ìyá mi sì sọ̀rọ̀ Tápà kan tí n kò gbọ́. Nínú mọ́tò, mo bi í pé kí ló sọ.

"Mo ní kó máa béèrè," ó wí. "Ẹni tó bá ní ọmọ, kó máa béèrè."

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, atukọ̀ náà pè mí. Ó ní bí àwọn bá ti kí Jímọ̀ tán, òun máa ń gbé ìyá òun wọ ọkọ̀, àwọn á rìn díẹ̀ lórí omi, àwọn á padà. Mo gbọ́ ohùn ìyá náà lẹ́yìn rẹ̀. Ariwo ló ń pa mọ́ ọn pé kó fi fóònù sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ibi tó ń wa ọkọ̀ lọ.